Fídíò Tí Kò Ṣí: Bí A Ṣe Lè Mọ Irú Àgádágodo Tí Ó Wà Lẹ́nu Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ète sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣíde ọ̀rọ̀ mi lórí ohun kan tí ó ń dààmú púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti àwọn olùkọ́ wa. Ohun náà ni fídíò tí a fẹ́ wò, tí a fẹ́ fi ṣe ìwádìí, tàbí tí a fẹ́ fi kọ́ni, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ tí kò ṣí.

Oregun ni mo ń gbé, ní ẹ̀bá òpópónà tí à ń pè ní Kudirat Abiola Way lónìí. Oregun Road ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi sọrí obìnrin akin tí wọ́n yìnbọn pa ní ọdún 1996. Àdúgbò ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé ìtẹ̀wé ni. Bí a bá ti gba ìsinmi, mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀, níbi tí a ti ń da ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àti àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ń wá sọ́dọ̀ wa. Ẹnìkan á gbé fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá, ẹlòmíràn á gbé eré àgbéléwò tí ó rà ní Ìdúmọ̀tà ní ogún ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ mìíràn á gbé ìjálá tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Fídíò yìí ti lọ́ọ̀kì, ẹ bá mi ṣí i."

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò lọ́ọ̀kì rárá. Àìsàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo yìí. Ẹni tí kò bá dá wọn mọ̀ yóò máa fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan ṣí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà ń lọ, kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́. Mo fẹ́ kí a yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú márààrún, ẹyọ kan péré ni ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé ohun inú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

1. Àpò àti èdè

Kí a tó mọ ìdí tí fídíò kì í fi í ṣí, ó yẹ kí a mọ ohun tí fáìlì fídíò jẹ́. Àwòrán tí ó ń rìn wúwo púpọ̀. Bí a bá fẹ́ tọ́jú àwòrán tẹlifíṣàn ti ilẹ̀ wa bí ó ti wà, láìdín in kù, ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba nǹkan bí 20MB. Àwo CD tí ó gba 700MB kò ní gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 34 lọ! Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe wá ọgbọ́n tí a ń fi ká àwòrán pọ̀, bí ìgbà tí a bá ká ẹní. Ọgbọ́n kíká yìí ni mo ń pè ní èdè fídíò. MPEG-1 ni èdè àwo VCD, MPEG-2 ni ti DVD, H.264 tí ó jáde ní ọdún 2003 ni ó wọ́pọ̀ jù lónìí, H.265 sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2013.

Lẹ́yìn tí a bá ti ká àwòrán àti ohùn tán, a óò kó wọn sínú àpò. Àpò ni MP4, MKV, AVI, MOV, 3GP, VOB àti DAT tí a ń rí ní ìparí orúkọ fáìlì. Àpò méjì lè jọra, kí èdè inú wọn má jọra. Ìdí nìyí tí MP4 kan fi lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù wa tí MP4 kejì kò fi ní ṣiṣẹ́.

Àìsàn kìíní nìyí: ẹ̀rọ ìwofídíò kò gbọ́ èdè tí ó wà nínú àpò. Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ ìwofídíò náà. VLC gbọ́ èdè púpọ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní École Centrale ní Paris ní ọdún 1996. Bí a bá fẹ́ mọ èdè tí ó wà nínú fáìlì, MediaInfo yóò sọ fún wa.

Bí ó bá wá di dandan kí a yí i padà, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọ̀nà kìíní ni kí a pààrọ̀ àpò nìkan, bí ẹni da ẹ̀kọ láti inú igbá kan sí òmíràn. Ẹ̀kọ náà kò yí padà. FFmpeg, tí Fabrice Bellard ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, lè ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀, bí èdè inú fáìlì bá jẹ́ èyí tí àpò tuntun náà gbà:

ffmpeg -i ere.mkv -c copy ere.mp4

Ọ̀nà kejì ni kí a tú ẹní, kí a tún un ká ní ọ̀nà mìíràn. Eléyìí máa ń pẹ́, ó sì máa ń dín ẹwà àwòrán kù díẹ̀. Bí a ṣe lè ṣe é fún àwo VCD nìyí:

ffmpeg -i AVSEQ01.DAT -c:v libx264 -crf 20 -c:a aac ere.mp4

Bí nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé crf bá ti kéré tó ni àwòrán yóò ṣe dára tó, tí fáìlì yóò sì ṣe tóbi tó. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíkọ àṣẹ báyìí lè lo HandBrake, tí ó jẹ́ títẹ bọ́tìnnì nìkan.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. Èkíní, kí a má ṣe rò pé bí a bá ti pa MKV rẹ́ ní ìparí orúkọ fáìlì tí a kọ MP4 sí i, a ti yí i padà. Ẹni tí ó lẹ ìwé "epo pupa" mọ́ ìgò adín kò sọ adín di epo. Èkejì, kí a má ṣe máa yí èyí tí a ti yí tẹ́lẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀dà ẹ̀dà kì í dára tó ẹ̀dà. Ojúlówó ni kí a máa padà sí. Ẹ̀kẹta, kí a má na àwòrán àtijọ́ kí ó lè kún tẹlifíṣàn òde òní. Ìwọ̀n 4 sí 3 ni wọ́n fi ya wọ́n. Bí a bá nà wọ́n, ojú gbogbo òṣèré ni yóò wú.

2. Fáìlì tí kò parí

Àìsàn kejì ni ti fáìlì tí a kò jẹ́ kí ó parí. Èyí wọ́pọ̀ ní ìlú tí iná ti ń lọ lójijì. Nínú ọ̀pọ̀ MP4 tí kámẹ́rà ń ṣe, ìparí ni kámẹ́rà ti ń kọ àkójọ tí ó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a kọ ojú ewé ìtọ́ka rẹ̀ sẹ́yìn. Bí bátìrì bá kú kí kámẹ́rà tó kọ ọ́, àwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwọn ènìyàn á ní fídíò náà ti lọ́ọ̀kì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí a má kọ ohunkóhun sórí káàdì náà mọ́, kí a má sì gbà bí kọ̀ǹpútà bá ní kí a pa á rẹ́ kí a tún un ṣètò. Kí a ṣe ẹ̀dà káàdì náà, kí a sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ untrunc. Bí a bá fún un ní fídíò mìíràn tí ó dá ṣáṣá, tí kámẹ́rà kan náà yà lọ́nà kan náà, yóò wo ti èyí tí ó dá láti fi tún ti èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Mo ti rí i kí ó gba odidi ayẹyẹ ìgbéyàwó là.

Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a ń da fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn ni iná lọ, kí a fi títóbi ẹ̀dà wé ti ojúlówó. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí a tún un dà, kí a má sì pa ojúlówó rẹ́ títí a ó fi wo ẹ̀dà náà dé òpin.

3. Kọ̀ǹpútà tí ó di fáìlì mú

Nínú àìsàn kẹta, fídíò kò ní àléébù kankan. Ibi tí a gbé e sí ni ó dì í mú. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ń lo fáìlì náà lọ́wọ́. Kí a ti iṣẹ́ náà pa, tàbí kí a pa kọ̀ǹpútà kí a tún un tàn. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni kọ̀ǹpútà mọ̀ sí ẹni tí ó ni fáìlì. Kí ẹni náà yọ̀ǹda rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ bọ́tìnnì kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì SD. Bí ó bá ti sún sísàlẹ̀, a kò ní lè kọ nǹkan sórí káàdì náà, a kò sì ní lè pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan ti sanwó fún títún káàdì ṣe nígbà tí èékánná ìka nìkan tó iṣẹ́ náà í ṣe.

Ọ̀kan tún wà tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Fúláàṣì tí a ṣètò ní FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó 4GB, bí àyè tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kí a kó ohun tí ó wà lórí fúláàṣì náà kúrò, kí a ṣètò rẹ̀ ní exFAT, ọ̀rọ̀ bùṣe.

4. Ààlà ilẹ̀

Àìsàn kẹrin ni ti ààlà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì VHS wà lóde, ètò PAL ni Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ń lò: ìlà 625, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC ni Amẹ́ríkà ń lò: ìlà 525, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwòrán 30. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì eré Yorùbá tí a rà ní Ìdúmọ̀tà lè ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ nílé ọmọ Yorùbá ní Peckham, kí ó sì dé Houston kí ó má fi nǹkan kan hàn ju ìlà tí ń gbọ̀n lọ. Kò sí ẹni tí ó tì í. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ètò méjèèjì ni ó ń fẹ́.

Nígbà tí DVD dé, àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá mọ̀ọ́mọ̀ pín ayé sí agbègbè. Amẹ́ríkà wà ní agbègbè 1, Gẹ̀ẹ́sì wà ní agbègbè 2, Nàìjíríà wà ní agbègbè 5. DVD tí ẹ̀gbọ́n wa rà fún wa ní Amẹ́ríkà lè wá kọ̀ láti ṣí ní Ìkẹjà. Kọ̀ǹpútà lè pààrọ̀ agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Lẹ́yìn èyí, ibi tí a bá a dé ni yóò wà títí láé. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a rò ó.

5. Àgádágodo gidi

Èyí ni àìsàn karùn-ún, òun nìkan ni ó sì tọ́ kí a máa pè ní lọ́ọ̀kì. Fíìmù tí a gbà sórí fóònù láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìwòran lóṣooṣù, àti èyí tí a gbà sílẹ̀ nínú díkódà tẹlifíṣàn olówó, wọ́n ti fi ìṣirò dà á rú. Widevine, FairPlay àti PlayReady ni orúkọ mẹ́ta tí ó gbajúmọ̀ nínú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Àpótí nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni fíìmù ni kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì lè gbà á padà ní ọjọ́ tí owó wa bá tán. Kò sí ẹ̀rọ ìyífídíò kan tí ó lè yí ohun tí kò rí kà padà. Àwọn tí ń polówó pé àwọn yóò ṣí i kíákíá, ọ̀pọ̀ wọn ń fi kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà ẹni ni.

Àríyànjiyàn lórí irú àgádágodo yìí ti wà ní ayé. Ní ọdún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Norway kan, Jon Lech Johansen, wà lára àwọn tí ó tú àṣírí àgádágodo DVD. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2003. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1998 ka jíjá irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ fún olùkọ́ yunifásítì láti mú abala kúkúrú nínú fíìmù fún ìkọ́ni. Ní ilẹ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọnà ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi àyè sílẹ̀ fún ìwádìí, ìkọ́ni àti ilé ìpamọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ka jíjá àgádágodo oníṣẹ́-ọnà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó yẹ kí olúkúlùkù olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù kà á.

Kí ni kí a wá ṣe? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ṣe fíìmù náà. Kí a sọ abala tí a ń fẹ́, iye ìṣẹ́jú rẹ̀, àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Mo mọ olùkọ́ kan tí ó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nítorí abala mẹ́ta. Odidi eré náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ́lẹ̀ ju èyí tí ó ń wá ọ̀nà àti já lọ. Àwọn òṣèré wa kì í ṣe ọ̀tá wa. Àwọn tí ń ṣe ayédèrú àwo ti jẹ wọ́n run tó. Kí àwa tí a ń fi iṣẹ́ wọn gba oyè má ṣe dara pọ̀ mọ́ wọn.

Kásẹ́ẹ̀tì inú kọ́bọ́ọ̀dù wa

Mo ti ń bọ̀ níbi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, Jáíyésimi sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Nígbà tí fíìmù onírílì di ohun tí ó wọ́n jù, kásẹ́ẹ̀tì VHS gba eré Yorùbá wọlé, VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì, DVD dé, fóònù sì dé. Ní gbogbo ìgbà tí àpò tuntun bá dé, a máa ń gbàgbé láti kó ẹrù inú ti àtijọ́ kúrò. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ kan bá ti bàjẹ́, iye tí ó kù láyé ti dín kan nìyẹn. Àgádágodo yìí ni ó burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tì í, kò sì sí ẹni tí a lè kọ lẹ́tà sí.

Òógùn àti ọ̀rinrin Èkó kò sì mọ ìwé ẹ̀rí. Bí a bá rí funfun bí ẹfun lára téèpù, èéhù ni; kí a má ṣe tì í bọ ẹ̀rọ, nítorí yóò ya, yóò sì kó èéhù ran kásẹ́ẹ̀tì tí ó kàn. Kí a yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fọ̀. Èyí tí ó bá mọ́, kí a yí i síwájú dé òpin, kí a yí i padà, kí a tó gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Fún ìpamọ́, kí a lo FFV1 nínú àpò MKV, tí kò pàdánù ohunkóhun nínú àwòrán tí ó gbà wọlé. Kí a wá fi H.264 nínú MP4 ṣe ẹ̀dà tí a óò máa wò. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ó wà, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn yàtọ̀ sí ibi tí àwọn yòókù wà.

A ti rí àpẹẹrẹ pé ìpamọ́ ń gba nǹkan là. Fíìmù Hausa kan, Shaihu Umar, tí Adamu Halilu darí ní ọdún 1976, ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti sọnù. Wọ́n rí i ní ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos, wọ́n tún un ṣe ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní ọdún 2018. Bí ẹnikẹ́ni bá ti da rírì náà nù, kì bá tí sí ohun tí wọn yóò tún ṣe.

Ó ku ohun kan tí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a gba ìjálá tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan náà sínú kọ̀ǹpútà. Àwòrán jáde, ohùn mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ọdẹ náà lára kásẹ́ẹ̀tì, kò sí orúkọ ìlú, kò sí ọjọ́. Ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ ti rántí ìlú, kò rántí orúkọ. Oríkì ìdílé tí ọdẹ náà ń kì wà níbẹ̀, a kò sì mọ ìdílé tí a óò dá a padà fún. Fídíò tí ó ṣí, tí a kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, títì ni ó ṣì tì. Orúkọ, ìlú, ọjọ́, ẹ̀ka èdè, àti bóyá ẹni náà gbà kí a fi hàn: ohun márùn-ún tí a lè fi bírò kọ ní ìṣẹ́jú kan nìyí, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà láyé.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé. Kí a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí a to kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí a sì pe àwọn olùkọ́ wa àgbà tí wọ́n lọ gbà wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rántí. Iṣẹ́ yíyí wọn padà lè dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ìrántí àgbà kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ mi kò jù báyìí lọ.